Ẹ̀kọ́ tí mo ti kà níbòmíràn, ṣé fásítì mi á gbà á? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gbígbé kírédì wọlé

Bí ìgbà ìforúkọsílẹ̀ bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Bẹ̀nẹ̀, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀. Ẹnì kan ti lo ọdún méjì ní Nàìjíríà kó tó padà wálé, òmíràn fẹ́ kúrò ní filière (ẹ̀kọ́ tí èèyàn yàn láti kà) kan bọ́ sí òmíràn, òmíràn sì ti ka ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìbéèrè tó ń tún ara wọn wá la kó jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú.

Kí ni kírédì gan-an?

Kírédì ni òṣùwọ̀n tí fásítì fi ń ka iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe parí. Kì í ṣe máàkì. Máàkì ń sọ bí ẹ ti mọ ẹ̀kọ́ náà tó. Kírédì ń sọ bí iṣẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Nínú ètò LMD (Licence-Master-Doctorat) tí a ń lò ní Bẹ̀nẹ̀, sẹ́mẹ́sítà kan jẹ́ kírédì 30, ọdún kan jẹ́ 60. Licence jẹ́ 180, master sì jẹ́ 120.

Wákàtí tí ẹ fi jókòó sí kíláàsì nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà. TD (ìdánrawò ní kíláàsì), TP (iṣẹ́ àfọwọ́ṣe), iṣẹ́ àṣetiléwá, ìwé tí ẹ dá kà nílé, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú kírédì.

Kí ló ń jẹ́ pé kéèyàn gbé kírédì wọlé?

Ó jẹ́ pé fásítì tí ẹ ń lọ wo ẹ̀kọ́ tí ẹ ti yege nínú rẹ̀ níbòmíràn, ó sì gbà pé kí ẹ má tún un kà mọ́. Ibi tó ti wá lè jẹ́ fásítì mìíràn ní Bẹ̀nẹ̀, fásítì kan ní Nàìjíríà tàbí Tógò, ilé-ẹ̀kọ́ BTS (dípúlọ́mà iṣẹ́ ọlọ́dún méjì), ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí filière mìíràn nínú ọgbà kan náà.

Ṣé ẹ̀tọ́ mi ni pé kí wọ́n gbà á?

Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ wà, bẹ́ẹ̀ ni: UE (unité d'enseignement, ẹ̀kọ́ kan tàbí mélòó kan tí wọ́n dì pọ̀) tí ẹ bá ti yege nínú rẹ̀ ti di tiyín, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé kí ẹ tún un ṣe. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìlànà tí UEMOA (àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná CFA) gbé jáde lọ́dún 2007 lórí LMD fẹ́ kí kírédì lè rìn láti fásítì kan sí òmíràn, àti láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Àmọ́ ẹ̀ka tó máa fún yín ní dípúlọ́mà ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún yín, òun náà ló sì máa sọ ohun tí òun gbà àti ohun tí òun kò gbà.

Ta ló ń pinnu?

Kì í ṣe akọ̀wé tó gba fáìlì lọ́wọ́ yín ní scolarité (ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀). Chef de département (olórí ẹ̀ka) àti olùkọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbìmọ̀ a jókòó lé e, doyen (olórí fákọ́tì) tàbí directeur a sì fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà bá wí fún yín pé "kò sí wàhálà, wọ́n á gbà á", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa retí ìwé tí wọ́n buwọ́ lù.

Ẹ má da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ équivalence dípúlọ́mà (kí wọ́n gbà pé dípúlọ́mà kan bá òmíràn dọ́gba). Ti odindi dípúlọ́mà, ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n ti ń ṣe é. CAMES (ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ti Áfíríkà àti Madagascar), tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1968 tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ouagadougou, ń rí sí bí àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ ṣe ń gba dípúlọ́mà ara wọn. Ọ̀dọ̀ wọn kọ́ lẹ máa gbé UE kan tàbí méjì lọ.

Àwọn ìwé wo ni kí n kó jọ?

Ìwé ìbéèrè tí ẹ kọ sí doyen tàbí directeur nípasẹ̀ chef de département. Relevé de notes (ìwé èsì ìdánwò) gbogbo sẹ́mẹ́sítà tí ẹ ṣe, kì í ṣe ti èyí tí ẹ ti ṣe dáadáa nìkan. Ẹ̀dà bac tí wọ́n ti légaliser. Ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ yín. Àti syllabus (ìwé tó sọ ohun tí wọ́n kọ́) ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà. Ẹ má fi ojúlówó relevé yín sílẹ̀ sínú fáìlì ẹnikẹ́ni láéláé. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì mú ojúlówó dání kí wọ́n fi wò ó.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà ní láti tètè bẹ̀rẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba relevé lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní Nàìjíríà, fásítì ló ń fi transcript tòótọ́ ránṣẹ́ tààrà sí fásítì kejì. Èyí tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́, ẹ̀dà akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni. Ìfiránṣẹ́ yẹn lè pẹ́ gan-an. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ kó tó bèèrè fún un lè má rí i gbà kí sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́ tó parí.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn ń tẹnu mọ́ syllabus?

Nítorí pé orúkọ ẹ̀kọ́ kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Statistique" ní ibì kan lè má kọjá moyenne àti variance; ní ibòmíràn, wọ́n ti dé orí tests d'hypothèses. Olùkọ́ tó ń wo fáìlì yín kò mọ̀ yín, kò sí níbi tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́, relevé kò sì fi ju orúkọ, kírédì àti máàkì hàn án. Syllabus nìkan ló lè sọ fún un pé ẹ ti ṣe ohun tí òun náà ń kọ́.

Syllabus tó dára máa ń ní orúkọ ẹ̀kọ́ àti kóòdù rẹ̀, ọdún àti sẹ́mẹ́sítà, iye wákàtí CM (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbogbogbòò), TD àti TP, iye kírédì, àkòrí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ìwé tí wọ́n lò, àti bí wọ́n ṣe ṣe ìdánwò. Kí òǹtẹ̀ ẹ̀ka wà lórí rẹ̀. Kí ó jẹ́ ti ọdún tí ẹ̀yin kà á gan-an, nítorí olùkọ́ ń yí ẹ̀kọ́ padà.

Fún àwọn tó wá láti Nàìjíríà, ìwé CCMAS (ìlànà ẹ̀kọ́ fún gbogbo fásítì) tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn fásítì Nàìjíríà, gbé jáde lọ́dún 2022 ń ranni lọ́wọ́, torí ó kọ àkóónú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àmọ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀; fásítì kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìdá 30 tó kù kún un. Ẹ gba handbook ẹ̀ka yín mọ́ ọn.

Bí wọ́n bá ní kí n yan ìwé kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó bá ń kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, syllabus ni mo máa mú, kí n tó mú relevé. Ẹ̀dà relevé ṣì ṣeé gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ olùkọ́ lè ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka lè ti yí ètò rẹ̀ padà, kò sì ní sí ẹni tó lè buwọ́ lu ohun tí wọ́n kọ́ yín lọ́dún yẹn.

Ṣé mo ní láti túmọ̀ wọn sí Faransé?

Tó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni. Relevé àti ìwé ẹ̀rí, traducteur assermenté (ògbufọ̀ tó ti búra níwájú òfin) ni kó ṣe wọ́n. Fún syllabus, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka kí ẹ tó náwó: àwọn mìíràn á gba èyí tí ẹ̀yin fúnra yín túmọ̀, bí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn gba kírédì mi, àmọ́ kò wọ filière mi. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọkún, nítorí pé wọn kò mọ̀ pé ìbéèrè méjì ló wà. Èkíní: ṣé fásítì gbà pé ẹ ka ẹ̀kọ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ tó yẹ? Èkejì: ṣé ẹ̀ka yín gbà pé ó lè dípò ẹ̀kọ́ kan tó pọn dandan nínú filière? Èèyàn lè gba "bẹ́ẹ̀ ni" sí èkíní, kó sì gba "rárá" sí èkejì.

Ètò licence wa pín UE sí oríṣi: ti ìmọ̀ ìpìlẹ̀, ti spécialité, ti méthodologie, àti ti culture générale. Ká ní ẹnì kan ka ọdún méjì ní géographie, ó wá fẹ́ lọ sí agronomie ní Université Nationale d'Agriculture, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Kétu lọ́dún 2013. Anglais, informatique àti technique d'expression rẹ̀ lè wọlé láìsí àríyànjiyàn. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ tó kà ní géographie lè má wọ agronomie, bí kò bá ní chimie tàbí TP nínú. Wọ́n lè gba kírédì tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìwé, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti L1 (ọdún àkọ́kọ́ licence) nínú ohun tó jẹ́ agronomie gan-an.

Ìdí ni pé ẹ̀kọ́ filière ń so mọ́ra. Ẹni tí kò ní chimie générale kò lè wọ chimie du sol, ẹni tí kò wọ ìyẹn kò lè wọ fertilisation. Bí ìsàlẹ̀ bá ti ku ẹyọ kan, àwọn tó wà lókè rẹ̀ á dúró dè é, bó ti wù kí kírédì culture générale yín pọ̀ tó. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé iwájú chef de département, ẹ má bi í pé "kírédì mélòó lẹ máa gbà?" Ẹ bi í pé: "UE wo nínú filière yìí ni mi ò ní kà mọ́, sẹ́mẹ́sítà wo ni mo sì máa bẹ̀rẹ̀?"

Àwọn ẹ̀kọ́ wo ló máa ń kọjá wẹ́rẹ́, àwọn wo ló máa ń há?

Mathématiques ló máa ń rọrùn jù: algèbre linéaire jẹ́ algèbre linéaire ní Dangbo, ní Ìbàdàn àti ní Lomé. Physique àti chimie ìpìlẹ̀ náà ń kọjá, bí TP bá wà lórí ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, informatique ìpìlẹ̀ àti linguistique générale náà kì í le.

Òfin ló ń há jù. Ẹ̀kọ́ òfin àdéhùn tí wọ́n kọ́ ní Nàìjíríà dúró lórí common law. Ti Bẹ̀nẹ̀ dúró lórí code civil àti àwọn òfin OHADA (òfin òwò tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan jọ ń lò). Ọgbọ́n tí ẹ fi kà á kò sọnù, àmọ́ UE droit des obligations kò ní gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò owó: àwọn orílẹ̀-èdè 17 tó wà nínú OHADA ń lo SYSCOHADA (ètò ìṣirò owó OHADA), tí àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018, Nàìjíríà kò sì sí nínú wọn. Ẹni tó bá ti ka accounting ní Nàìjíríà kó má yà á lẹ́nu bí wọ́n bá ní kó tún comptabilité générale ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ GST (ẹ̀kọ́ gbogbogbòò) kan ní Nàìjíríà, bíi Nigerian Peoples and Culture, kò ní ibi tí wọ́n máa fi sí níbí, àfi bí ẹ̀ka bá fi àánú kà á mọ́ culture générale. Stage àti mémoire kì í sábà kọjá rárá: ibi tí ẹ ti máa gba dípúlọ́mà ni wọ́n ti máa ń fẹ́ kí ẹ ṣe wọ́n.

Unit tí mo ní ní Nàìjíríà, ṣé òun náà ni kírédì tibí?

Rárá o, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kà á ní oókan-oókan. Unit kan ní Nàìjíríà jẹ́ wákàtí kan ní kíláàsì lọ́sẹ̀ fún sẹ́mẹ́sítà ọlọ́sẹ̀ 15, tàbí wákàtí mẹ́ta ti práktíkà. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé unit 15 sí 24 ní sẹ́mẹ́sítà kan, nígbà tí tiwa jẹ́ 30 gbáko.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ẹ wo ipa tí ẹ̀kọ́ náà kó nínú ọdún. Bí ẹ bá ṣe unit 40 lọ́dún kan, tí ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ jẹ́ unit 3, 3 pín sí 40, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 60: kírédì 4.5 ni. Bí wọ́n bá kàn kọ 3 fún yín, ẹ ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ yín. Ìwọ̀n ni èyí, kì í ṣe òfin, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ sórí ìwé kí ẹ sì gbé e lọ bá ìgbìmọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà láti ọ̀dọ̀ wa, ìdajì ni kó máa retí: ọdún kan níbẹ̀ jẹ́ 30, bachelor jẹ́ 120, nítorí náà 60 tiwa a di 30 tiwọn.

Máàkì mi ńkọ́? Ṣé òun náà á bá mi lọ?

Ó lè má bá yín lọ. Fásítì púpọ̀ ń gba kírédì láìgba máàkì: wọ́n á kọ pé ẹ ti yege, wọn kò ní kà á mọ́ moyenne yín. Ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é, GPA (moyenne tiwọn) tuntun ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti ń yí máàkì padà, ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò lásán. 14 nínú 20 jẹ́ mention Bien lọ́dọ̀ wa, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí i gbà. Ẹni tó bá sọ ọ́ di 70 nínú 100 lè mú kí ará Amẹ́ríkà kan rí i bí C, nígbà tó jẹ́ pé 70 yẹn kan náà ni A ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ fi ìwé tó ṣàlàyé ètò máàkì ilé-ẹ̀kọ́ yín mọ́ relevé. Ọ̀pọ̀ relevé ní i lẹ́yìn.

Mo ti ní BTS. Mo ti ní NCE tàbí ND. Ṣé L1 ni wọ́n á tún dá mi padà sí?

BTS jẹ́ ẹ̀kọ́ ọdún méjì, ọ̀pọ̀ sì ń fi í wọ ọdún kẹta licence professionnelle nínú filière tó bá a mu. Bí filière bá yàtọ̀, ẹ máa retí L2 tàbí L1. Ní Nàìjíríà, ND (dípúlọ́mà pólì) àti NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́) ń gba ọ̀nà Direct Entry wọ 200 level (ọdún kejì) lábẹ́ JAMB, àjọ tó ń rí sí ìwọlé sí fásítì. Fásítì Bẹ̀nẹ̀ kò ní láti tẹ̀ lé ìyẹn. UE kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa wò.

Mo ní ìwé ẹ̀rí láti Coursera, edX tàbí FUN, àwọn ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kírédì ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe kírédì. Ó jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ náà dé òpin. Kó tó lè di kírédì, fásítì kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kó kọ iye ECTS (kírédì ti Yúróòpù) sórí rẹ̀, kó sì ti ṣe ìdánwò tí wọ́n fi dá yín mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ wo ìwé yín: bí kò bá sí iye kírédì lórí rẹ̀, tí kò sì sí fásítì tó lè fi relevé ránṣẹ́, ẹ má fi ìrètí sí i.

Ìyẹn kò sọ ẹ̀kọ́ náà di asán. Ẹ lè bẹ olùkọ́ UE náà pé kó yọ̀ǹda kí ẹ jókòó fún ìdánwò rẹ̀ láìlọ sí gbogbo kíláàsì. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ló dára jù fún ẹni tó mọ iṣẹ́ tí kò ní ìwé, torí pé máàkì tí ẹ bá gbà níbẹ̀ ti fásítì yín gan-an ni.

University of the People, fásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí: ó ń fúnni ní kírédì àti transcript tòótọ́. Síbẹ̀ ẹ̀ka yín ṣì máa wo syllabus rẹ̀.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé iṣẹ́ lè di kírédì?

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní VAE, níbi tí wọ́n ti ń wo ìrírí iṣẹ́. Ẹ máa ní láti kó ẹ̀rí iṣẹ́ jọ, ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ní kíkún, ẹ sì jókòó níwájú ìgbìmọ̀. Filière gbogbo kọ́ ló ní i. Ẹ bèèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Fásítì mi fẹ́ rán mi lọ sí òkè òkun fún sẹ́mẹ́sítà kan. Kí ni kí n ṣe kí n má bàa pàdánù?

Ẹ buwọ́ lu ìwé kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nínú Erasmus+, wọ́n ń pè é ní contrat pédagogique. Akẹ́kọ̀ọ́, fásítì tó ń rán an àti fásítì tó ń gbà á ló jọ ń buwọ́ lù ú. Ẹ̀kọ́ tí ẹ máa kà lọ́hùn-ún àti UE tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dípò níbí gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ tí wọ́n ti yí ẹ̀kọ́ kan padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàtúnṣe ìwé náà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá padà.

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni mo ti ń bọ̀. Kí ni fásítì ìjọba máa wò?

Kí wọ́n tó wo ẹ̀kọ́ yín rárá, wọ́n á wo bí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe dúró lábẹ́ òfin. Pé ìjọba yọ̀ǹda kí ó ṣílẹ̀kùn kò tíì tó. Ìfọwọ́sí tí ìjọba fún filière yín gan-an ṣe pàtàkì. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ló ń ṣètò ìdánwò orílẹ̀-èdè ti licence àti ti master fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gíga máa ń gbé orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí jáde. Ẹ wá orúkọ tiyín níbẹ̀, àti orúkọ filière yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń lọ sí Nàìjíríà láti ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba digirí ní Bẹ̀nẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó jókòó kàwé fún ọdún mẹ́ta gbáko ló jìyà rẹ̀ jù. Nítorí náà, ẹ tọ́jú gbogbo ohun tó fi hàn pé ẹ lọ sí kíláàsì: quittance owó, káàdì akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, relevé sẹ́mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, rapport de stage.

Ẹnì kan ní òun lè bá mi parí kírédì tó kù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni, ó sì léwu. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí kírédì kan bá jẹ́ wákàtí 25, kírédì 30 jẹ́ wákàtí 750. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ láìsinmi máa lo oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ìwé tó bá wá láti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè ba èyí tí ẹ fi òógùn gbà jẹ́, nítorí bí wọ́n bá mú ẹyọ kan ní ayédèrú nínú fáìlì, wọn kì í gba ìyókù gbọ́ mọ́.

Mò ń retí ìpinnu. Ṣé kí n máa lọ sí kíláàsì?

Ẹ máa lọ. Ẹ ṣe inscription pédagogique (ìforúkọsílẹ̀ sí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan) sí gbogbo UE tí ẹ ń bèèrè fún, ẹ sì máa kà á bí ẹni pé wọn kò ní gbà á. Bí ìpinnu bá dé tí wọ́n gbà á, ẹ̀ ń jáwọ́ ni. Bí wọn kò bá gbà á, ẹ kò tíì pàdánù ìdánwò.

Ṣé kírédì máa ń gbó?

Ní ti ìwé, UE tí ẹ yege nínú rẹ̀ kò ní ọjọ́ ikú nínú ètò tó ti wá. Àmọ́ ẹ̀ka tuntun lè sọ pé ó ti pẹ́ jù, pàápàá nínú informatique, nínú òfin tó ti yí padà, àti nínú iṣẹ́ ìlera. Comptabilité tí ẹ kà ṣáájú 2018, fún àpẹẹrẹ, ti SYSCOHADA àtijọ́ ni.

Mo ti fi kírédì náà gba dípúlọ́mà kan. Ṣé mo tún lè fi í gba òmíràn?

Ibi púpọ̀ kò ní jẹ́ kí kírédì kan náà ka ẹ̀ẹ̀mejì sí dípúlọ́mà ìpele kan náà. Wọ́n lè yọ̀ǹda kí ẹ má tún ẹ̀kọ́ náà kà, àmọ́ kí wọ́n ní kí ẹ fi UE mìíràn dí àyè kírédì rẹ̀. Kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó ka iye sẹ́mẹ́sítà tó kù.

UE mi yege nípasẹ̀ compensation. Ṣé wọ́n á gbà á?

Ẹ wò ó báyìí: UE kan ní ẹ̀kọ́ méjì nínú, ẹ ní 8 nínú ọ̀kan àti 14 nínú èkejì. Bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, moyenne jẹ́ 11. Níbi tí 10 bá ti tó, ẹ ti gba gbogbo kírédì UE náà. Bí fásítì kejì bá ní UE tó jọ odindi tiyín, wọ́n lè gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ní 8 yẹn nìkan ló bá tiwọn mu, wọ́n á kọ̀ ọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibòmíràn, 12 ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ ka règlement des études ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó kọ ìwé.

Ohun tí mo kà jẹ́ ìdajì UE tiwọn. Ṣé wọ́n lè gba ìdajì?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa dábàá rẹ̀. Ẹ kọ àkòrí syllabus méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ fi hàn àkòrí tí ẹ ti kà àti èyí tó kù, kí ẹ sì bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ka èyí tó kù nìkan. Olùkọ́ tí kò ní àyè láti ṣe ìfiwéra yẹn fúnra rẹ̀ lè buwọ́ lù ú bó bá rí i pé ẹ ti ṣe é tán.

Wọ́n kọ̀ ọ́. Kí ló kù tí mo lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìdí rẹ̀ lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí kò tó, ẹ wá ẹ̀rí TP tí kò sí lórí syllabus. Bí ó bá jẹ́ pé àkóónú yàtọ̀, ẹ fi rapport, iṣẹ́ àṣetiléwá tàbí ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n bi yín kún fáìlì, kí ẹ sì tún un gbé padà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣe é, lásìkò. Ẹjọ́ tó bá dé lẹ́yìn tí jury ti jókòó kì í sábà rí ẹni gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè ṣe ìdánwò UE náà láìlọ sí CM.

Ṣé ìgbà kan wà tó sàn kí n tún ẹ̀kọ́ náà kà, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á?

Ó wà. Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ìpìlẹ̀ fún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kà á ní Nàìjíríà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ rò ó dáadáa. Ẹni tó mọ analyse lédè Gẹ̀ẹ́sì tó wá bá ara rẹ̀ ní L2 ní Àjàṣẹ́ tàbí Abomey-Calavi, tí olùkọ́ ń sọ "fonction dérivable", "suite convergente" láìdúró, lè lo odindi sẹ́mẹ́sítà kan láti lé èdè bá, kí máàkì rẹ̀ sì já wálẹ̀ nínú ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbà á níyànjú pé kó gbé kírédì culture générale àti méthodologie wọlé, kó fi wọ́n tu àyè sílẹ̀, kó sì tún analyse kà ní L1 lédè Faransé.